Ìgbálẹ̀ Tí Kò Mọ Orúkọ

“Ẹ fọwọ́ sí i, Màmá, kí ọ̀rọ̀ tán nílẹ̀.” Ọ̀gá ti lẹ́tà náà síwájú obìnrin tí gbogbo ọ́fíìsì ń pè ní Ìyá Àkójọ.

Lẹ́tà náà sọ pé àìbìkítà rẹ̀ ló pa ogójì ètò kọ̀ǹpútà rẹ́ nínú àkójọ tí àwọn oníbàárà ń wò, àti pé iṣẹ́ rẹ̀ parí lónìí.

“Ọdún mọ́kànlá ni mo fi tọ́jú àkójọ yìí. Ṣé àárọ̀ àná ni mo wá ya wèrè?”

“Kọ̀ǹpútà kì í purọ́, Màmá.”

“Ẹni tó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ ńkọ́? Kíámọ́sá, ṣí kóòdù rẹ.”

Kíámọ́sá, tó kọ kóòdù àkójọ náà, rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin àti kóòdù, mà? Ṣé ẹ ó lè kà á?”

“Orúkọ ni mo fẹ́ kà. Àmì tí a fi ń dá ètò kọ̀ọ̀kan mọ̀, kí lo pè é níbi tí mo ti ń kọ ètò sílẹ̀?”

“Àmì-ètò.”

“Níbi tí kọ̀ǹpútà ti ń gbá ètò tí kò ní àmì dànù ńkọ́?”

Ẹ̀rín Kíámọ́sá gbẹ. “Nọ́ńbà-ètò. Àmì-ètò ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, àná ni mo yí i padà, torí nọ́ńbà-ètò ló dùn létí jù. Mo ní kó kọ́kọ́ yẹ ogójì ètò wò.”

“O yí ọ̀kan, o fi èkejì sílẹ̀! Kí ni ìgbálẹ̀ rẹ yóò rí lára ètò tèmi?”

“Kò ní rí nọ́ńbà kankan, mà. Yóò rò pé kò ní àmì.”

“Yóò gbá a dànù, wọn yóò sì lé èmi! Bàbá lè sọ ọmọ ní tiẹ̀, kí ìyá sọ ọ́ ní tiẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kì í ṣe àbúrò ìyá rẹ tó mọ gbogbo orúkọ rẹ!”

Ọ̀gá wúkọ́. “Ó dáa. A óò kọ lẹ́tà òmíràn: ‘Àṣìṣe kan ṣẹlẹ̀.’”

“Ta ló ṣe é?”

“Ẹ jẹ́ ká fi sùúrù…”

“Rárá, ọ̀gá! Nígbà tí ẹ rò pé èmi ni, orúkọ mi pé pérépéré ní ìlà kìn-ín-ní. Àmì kan ṣoṣo ní orúkọ méjì nílé yìí. Ẹni tó ba nǹkan jẹ́ kò wá ní ẹyọ kan?”

Kíámọ́sá fa lẹ́tà náà mọ́ra. Ó fi bírò pa orúkọ Ìyá Àkójọ rẹ́, ó sì kọ tirẹ̀ síbẹ̀.

“Lẹ́tà ìyọniníṣẹ́ nìyẹn o!” ni ọ̀gá ké.

“Mo mọ̀, sà.”

Ìyá Àkójọ gba ìwé náà, ó fà á ya. “Inú ṣì ń bí mi. Jókòó. Mú orúkọ kan, kí o lò ó níbi gbogbo. Lẹ́yìn náà, fi ọwọ́ ara rẹ kọ ogójì náà padà.”