Yàrá Kingsley

Ní ọjọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 2023, Kingsley, ọmọ Ambrose, kú sínú igbó àwọn agbébọn tí ń fi ẹ̀sìn bojú ní Òkè Ọya. Ṣọ́jà ló pa á. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Láti ìgbà náà ni bàbá rẹ̀ ti ti yàrá rẹ̀ pa. Ní ilé wọn ní Ìjù-Odò, òbí kì í fojú kan ẹrù ọmọ tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Nínú òkùnkùn yàrá náà ni ọ̀rọ̀ kan ti hù bí olú: pé ilé-kéwú Tìjání ló yí ọmọ náà lọ́kàn padà. Ambrose gbà á gbọ́. Òun àti Tìjání, tí wọ́n ti jọ ń fún epo láti ìgbà èwe, kò kí ara wọn mọ́.

Ní ọdún kejì, lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ìkùukùu bo oko ọ̀pẹ títí àwọn igi fi dà bí èèyàn tó dúró sínú omi. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ máa pinnu bóyá kí wọ́n ti ilé-kéwú náà pa, ẹnu Ambrose ni wọ́n sì ń wò. Inú ìkùukùu yẹn ni Tọ̀yíbà ti yọ, olùwádìí ọmọ Igbódígò, nínú híjáàbù funfun. Ó kúnlẹ̀. Ó ní òun ń yà lọ́dọ̀ àwọn òbí tí ọmọ wọn lọ bíi tirẹ̀, kí ìjọba lè mọ ohun tó ń kó ọmọ lọ kí wọ́n tó ṣòfin.

“Tìjání ló rán ọ.”

“Bó bá jẹ́ Tìjání ni, Bàbá, ì bá ti fún mi lówó ọkọ̀.”

Ẹ̀rín fẹ́ yọ lẹ́nu Ambrose. Ó gbé e mì.

“Bàbá, kí ló mú lọ? Kí ló fi sílẹ̀?”

Ẹnìkan ò bi í bẹ́ẹ̀ rí, òun náà kò sì tíì wo ẹrù ọmọ náà. Wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Tirẹ̀ kú, ó sì tún nù. Ó mú kọ́kọ́rọ́. Ó ṣí yàrá náà, Tọ̀yíbà dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ó yẹ ẹrù inú rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó sọ̀rọ̀, bí ẹni ń bá ògiri sọ̀rọ̀ ni.

“Ọkọ́ àti àdá rẹ̀ ló mú lọ. Ta ní ń gbé ọkọ́ lọ sógun?”

Tọ̀yíbà fohùn jẹ́jẹ́ sọ pé bákan náà ni òun bá a lọ́dọ̀ àwọn òbí ní ìlú Àkòtógbò: iṣẹ́ oko ńlá kan ni wọ́n fi tan àwọn ọmọ náà wọ ọkọ̀, ìbọn ni wọ́n sì bá níbẹ̀.

Lọ́sàn-án, Tọ̀yíbà ka àbájáde ìwádìí rẹ̀ fún ìgbìmọ̀. Alága ní ìwé nìyẹn, kí bàbá ọmọ sọ tẹnu rẹ̀. Tìjání jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó dorí kodò.

Ambrose dìde. Ó sọ ti ọkọ́ àti àdá fún wọn, pé iṣẹ́ oko ni ọmọ òun bá lọ, kì í ṣe ilé-kéwú ló mú un lọ. Lẹ́yìn náà ló ka ohun tó kù sílẹ̀, kò sì gbé ohùn sókè: aṣọ akọrin tí ó ti lọ̀ de ìkórè, Bíbélì, àwọ̀n ẹja tí kò tíì hun tán, ike gààrì tó kù sí ìdajì, bàtà bọ́ọ̀lù ẹyọ kan, ti ẹsẹ̀ òsì. Ti ọ̀tún wà lẹ́sẹ̀ Zulkifli, ọmọ Tìjání, tí wọ́n jọ ń pín bàtà kan gbá bọ́ọ̀lù.