Ìdíje Karùn-ún Emmett Broyles

Ní Sátidé kẹfà tí Kọ́lẹ́jì Harlan Fork wọ pápá bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá, lọ́dún náà, wọ́n tún fẹ̀yìn wọn gbálẹ̀. Márùn-ún àkọ́kọ́ ti lọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹfà yìí ló wá burú jù, nítorí ọjọ́ tí àwọn tó ti jáde ní kọ́lẹ́jì ń padà wálé ni, àwọn àgbààgbà tó wọ aṣọ pupa, tí wọ́n ti ń yan ẹran níbi ìgbọ́kọ̀sí láti àárọ̀. Kí ìlàjì kejì tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ti padà sídìí ẹran. Ẹran kì í jáni kulẹ̀.

Verlyn Stuckey ló ń kọ́ àwọn géńdé iwájú, àwọn abara-bí-àpáta tí iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa ti ẹlòmíràn sẹ́yìn lọ. Ọdún méjìlélógún ló ti wà lẹ́nu ẹ̀ lábẹ́ Gordon Haas, ọ̀gá akọ́nimọ̀ọ́gbá, tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta ni Verlyn. Kò jẹ́ ọ̀gá níbì kankan rí, bẹ́ẹ̀ ó wù ú dé ọkàn. Bí ẹgbẹ́ bá borí, Haas ni wọ́n ń yà ní fọ́tò. Bí wọ́n bá pàdánù, Haas náà ni wọ́n ń bú. Ọjà tà, ọjà ò tà, owó aláàárù á pé: ohun tí Verlyn fi ń tu ara rẹ̀ nínú nìyẹn.

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n lé Haas. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà gan-an, ààrẹ kọ́lẹ́jì, Dókítà Paulette Ames, ránṣẹ́ pe Verlyn.

"Kóòṣì Stuckey, ẹ jókòó. Ìdíje márùn-ún ló kù. Ẹ̀yin lẹ máa bá wa mú wọn dé òpin."

"Gordon ńkọ́?"

"Gordon ti ń kẹ́rù ẹ̀." Obìnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ gbọ́, mi ò ní tàn yín. Ẹ bá mi borí nínú méjì péré, màá gbé orúkọ yín síwájú ìgbìmọ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ó mú ẹlòmíì wá láti ìta. Ẹ̀yin náà sì mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe."

Verlyn mọ̀ ọ́n dunjú. Ọ̀gá tuntun kì í dá wá. Yóò kó àwọn ènìyàn tirẹ̀ dání, àwọn ti àtijọ́ á sì bá ẹsẹ̀ wọn sọ̀rọ̀. Ta ni yóò tún gba ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta síṣẹ́? Nítorí náà, méjì nínú márùn-ún ni, tàbí kó lọ jókòó sílé. Inú rẹ̀ dùn bó ṣe ń jáde lọ́fíìsì yẹn. Ojú sì tì í pé inú òun dùn.

Ó wakọ̀ lọ sílé Haas. Ó bá a níwájú ilé, ó ń kó páálí sẹ́yìn ọkọ̀.

"Wọ́n ti fún ẹ, àbí?" Haas bi í, kò wojú rẹ̀.

"Wọ́n ní kí n bá wọn dì í mú ni."

"Dì í mú dáadáa. Adìẹ ti bà lókùn: ara ò ní rọ okùn, ara ò ní rọ adìẹ." Ó pa ẹ̀yìn ọkọ̀ dé, ó wọlé lọ. Látọjọ́ náà, bí Verlyn bá pè é lórí fóònù, kì í gbé e.

Ohun kan wà tí Haas fi sílẹ̀ fún un tí kò sí nínú ìwé kankan, ọ̀rọ̀ Emmett Broyles ni. Ọmọ ọdún kìn-ín-ní ní kọ́lẹ́jì ni Emmett, apínbọ́ọ̀lù ni, ìyẹn ẹni tí bọ́ọ̀lù kọ́kọ́ ń dé ọwọ́ rẹ̀, tí yóò pinnu bóyá kó jù ú ni tàbí kó gbé e sá. Òun àti Colby Rusk tó wà ní ọdún ìkẹyìn ni wọ́n jọ ń ṣe é. Ẹni kẹta wọn ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ sí kọ́lẹ́jì mìíràn lọ́sẹ̀ tí wọ́n lé Haas. Òfin bọ́ọ̀lù wọn ni pé ọdún mẹ́rin lọmọ lè gbá. Ṣùgbọ́n bí kò bá wọ ju ìdíje mẹ́rin lọ nínú ọdún kan, wọn ò ní ka ọdún yẹn mọ́ ọn lára. Bó bá fi lè fẹsẹ̀ kan pápá nínú ìkarùn-ún, ì báà jẹ́ fún eré ẹyọ kan, ọdún náà ti lọ nìyẹn.

Bọ́ọ̀lù ló sì ń san owó ilé-ìwé Emmett. Ẹ̀kọ́ yíya àwòrán ilé tí ó ń kọ́, ọdún márùn-ún gbáko ni. Renita, ìyá rẹ̀, tó ń fọ aṣọ ibùsùn nílé ìwòsàn kan ní St. Louis, ti rò ó síwá rò ó sẹ́yìn kí Haas àti Verlyn tó wá bẹ̀ ẹ́ pé kó fi ọmọ náà fún àwọn. Bí Emmett bá pa ọdún àkọ́kọ́ mọ́, bọ́ọ̀lù á gbé e dé òpin ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí kò bá pa á mọ́, ó di kó dúró lójú ọ̀nà.

"Ẹ búra fún mi," obìnrin náà wí lọ́jọ́ náà nínú ilé ìdáná rẹ̀. "Ọmọ mi ò ní wọ ju mẹ́rin lọ lọ́dún yìí."

Haas tẹ́ ọwọ́ lórí tábìlì. "Ìyá Emmett, mo fi ìyá mi tó wà nínú sàréè búra."

Renita yíjú sí Verlyn. "Ẹ̀yin ńkọ́, sà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń jẹun?"

Èso píìsì tí obìnrin náà fi ìyẹ̀fun bò, tó sì yan, ni Verlyn ń jẹ, ó kún un lẹ́nu. Renita dúró. Ó dúró títí ó fi gbé e mì.

"Èmi náà búra," Verlyn wí.

Ó dára. Haas ti lo Emmett lẹ́ẹ̀méjì kí wọ́n tó lé e, níbi tí nǹkan ti bàjẹ́ kọjá àtúnṣe. Nígbà tí ó kan Verlyn, ó pàdánù ti àkọ́kọ́. Kókósẹ̀ Colby yẹ̀ níbẹ̀, ni Verlyn bá fi Emmett sí ìkejì, ọmọ náà sì gbá bọ́ọ̀lù bí ẹni pé ó ti ń bá a gbé láti inú oyún. Wọ́n borí! Gbogbo ìlú jó, wọ́n fẹ́ ya òpó bọ́ọ̀lù lulẹ̀. Ó tún lò ó nínú ìkẹta, wọ́n fi díẹ̀ pàdánù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ti pé. Ìkẹrin, Colby padà pẹ̀lú ẹsẹ̀ dídì, ọ̀tá sì lù wọ́n bí ẹni lu bàrà. Ọ̀kan péré ló wá kù, pẹ̀lú Marsden. Verlyn gbọ́dọ̀ borí níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló wá ṣe àṣìṣe rẹ̀. Nínú bọ́ọ̀lù yìí, wọn kì í pariwo ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kí ọ̀tá má baà gbọ́. Pátákó páálí ńlá ni wọ́n ń gbé sókè lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, àwòrán á wà lára rẹ̀: ewúrẹ́, agolo ọbẹ̀, bàtà ìyá arúgbó. Àwọn tó wà nínú pápá nìkan ló mọ̀ pé bí a bá gbé ewúrẹ́, apá òsì ni kí wọ́n gbà. Haas ló kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹnì kan wá sọ fún Verlyn pé Haas ti ń bá àwọn Marsden sọ̀rọ̀ iṣẹ́.

"Pe Gordon, kó o bi í," Darlene ìyàwó rẹ̀ wí.

"Kì í gbé fóònù mi."

"Lọ sílé ẹ̀, Verl. Ìwọ náà kúkú lẹ́sẹ̀."

Kò lọ. Ó yí gbogbo pátákó padà láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Àwọn ọmọ tó ti fi oṣù mẹ́ta mọ ewúrẹ́ sí òsì, ó ní ewúrẹ́ ti di ọ̀tún.

Sátidé náà tutù, ó sì mọ́lẹ̀ kedere. Àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn mú àwọn òbí wọn jáde sínú pápá bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, ìyá kọ̀ọ̀kan gba òdòdó kan. Lẹ́yìn náà ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ẹgbẹ́ kan lè dá aago dúró ní ìlàjì kejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni Verlyn sì fi ṣòfò lórí pátákó, nítorí wọ́n gbé ewúrẹ́ sókè, àwọn kan sá lọ sí òsì, àwọn kan sá lọ sí ọ̀tún, àwọn méjì forí gbára.

"Ewúrẹ́ wo lẹ̀ ń wí, Kóòṣì?" Colby kígbe. "Ti tẹ́lẹ̀ ni àbí tuntun?"

Síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kí Marsden rímú mí. Nígbà tí aago fẹ́ẹ́ tán, Marsden ní mẹ́rìnlélógún, Harlan Fork ní ogún. Verlyn lo ẹ̀ẹ̀kẹta tó kù, wọ́n sì ti bọ́ọ̀lù dé ibi tó ku yáàdì méjì kí wọ́n wọ inú ilé, ìyẹn òpin pápá níbi tí àmì mẹ́fà ti ń wá. Colby gbé e, ó forí sọ wọ́n, wọ́n gbá a, akoto rẹ̀ sì fò yọ, ó ń yí lórí koríko.

Adájọ́ fọn fèrè. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án ló kù lójú aago. Ẹni tí akoto bá bọ́ lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jáde fún eré kan, àfi bí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá dá aago dúró. Kò sì sí èyí tí wọ́n lè fi dá a dúró mọ́. Eré kan ṣoṣo yẹn náà ló kù láyé.

"Kóòṣì!" Emmett ti dé akoto, ó ti so ó mọ́ àgbọ̀n. "Ẹ jẹ́ kí n wọlé. Mo mọ eré yẹn lójú oorun."

"Ọdún ẹ ńkọ́?"

"Ọdún mi ni, kì í ṣe tiyín! Ẹ jẹ́ kí n ná an!"

"Kóòṣì, ẹ rán an wọlé jàre!" Boone ló ń kígbe, géńdé kan tó fi yìnyín lé orúnkún lórí bẹ́ǹṣì. "Kí lẹ tún ń wò? Ọdún mẹ́rin ni mo fi sin ibí yìí o!"

Ká sòótọ́, kì í ṣe ìwà mímọ́ ló wá sọ́kàn Verlyn. Iṣẹ́ náà ló kọ́kọ́ wá, orúkọ rẹ̀ lára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, Darlene tó ń rẹ́rìn-ín. Ó fẹ́ ẹ débi pé ọwọ́ rẹ̀ ti wà léjìká ọmọ náà láti tì í wọlé. Àfi bó ṣe rí lójú inú rẹ̀ obìnrin tó dúró ti tábìlì, tó ń retí kí òun gbé oúnjẹ mì kí òun tó dáhùn. Ó di aṣọ Emmett mú, ó fà á sẹ́yìn.

"Jókòó. Tate! Ìwọ lo máa gbà á."

Tate Wojcik, asáré wọn, na ìka sí àyà ara rẹ̀. "Èmi kẹ̀?"

"Ìwọ. Gbà á, kó o wọ ẹ̀yìn àwọn géńdé lọ, má wẹ̀yìn."

Tate gbà á. Ó wọ ẹ̀yìn wọn lọ, gbogbo wọn sì wó lé ara wọn. Àwọn adájọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wa iṣu nínú ebè. Nígbà tí wọ́n dé ìsàlẹ̀, Tate wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù wà ní àyà rẹ̀, ó ku ìdajì yáàdì kó dé ilé. Aago ti tán.

Àwọn ọmọ ọdún ìkẹyìn gba ẹ̀gbẹ́ Verlyn kọjá láìbọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Emmett bọ́ akoto rẹ̀, ó là á mọ́lẹ̀, ó sì rìn lọ. Verlyn dúró níbẹ̀ títí Darlene fi wá mú un.

Lọ́jọ́ Ajé, Dókítà Ames bi í pé, "Ṣé apínbọ́ọ̀lù kankan kù lórí bẹ́ǹṣì yín?"

"Ọ̀kan kù."

"Ó dẹ̀ lè gbá?"

"Ó mọ̀ ọ́n gbá ju ti inú pápá lọ."

Obìnrin náà dìde. "Ẹ ṣeun fún ọdún méjìlélógún, Kóòṣì Stuckey."

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló ń kó ìwé rẹ̀ sínú páálí nígbà tí fóònù dún. Haas ni.

"Mo wo ìdíje yẹn," Haas wí, bí ẹni pé àná ni wọ́n sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. "Kí ló ṣe pátákó mi tó o lọ yí i padà?"

"Wọ́n ní o ń bá Marsden sọ̀rọ̀."

"Èmi? Marsden?" Haas wí. "Ó dùn mí díẹ̀ o, Verl."

"Mo mọ̀. Má bínú."

"Ó ti tán. Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn, kí ló dé tó ò fi rán an wọlé?"

"O búra fún ìyá ẹ̀, Gordon. Àwa méjèèjì la búra."

Haas bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí Verlyn ti mọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, ẹ̀rín tí kò ní ibi nínú. "Mo ti búra fún ìyá tó tó ogójì. Kí akoto Colby tó balẹ̀, màá ti tì í wọlé. Ọmọ náà á sunkún díẹ̀, ìyá ẹ̀ á bú mi díẹ̀, a ó sì máa bá eré lọ. Ìwọ ò mọ̀ pé bí iṣẹ́ yìí ṣe rí nìyẹn?"

Verlyn gbé ìwé kan sínú páálí. Ọdún méjìlélógún ló fi gbà pé kò sí ohun tó fi Haas yàtọ̀ sí òun ju oríire lọ, pé bí ẹnì kan bá lè fún òun láyè lẹ́ẹ̀kan, òun náà á jẹ́ ọ̀gá. Wọ́n ti wá fún un láyè. Ó wò ó pé bí wọ́n bá tún gbé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́sàn-án yẹn kalẹ̀ fún un, aṣọ Emmett náà lòun á tún dì mú. Ó dùn ún wọra, kò sì kábàámọ̀.

"Verl? Ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbí. Mò ń kẹ́rù," ni ó wí, ó sì bi Haas bóyá ara ìyàwó tirẹ̀ le.