Ewúrẹ́ Tí Mo Parọ́ Mọ́

Ẹ bá mi dín rédíò yẹn kù, kí n rọ́ àlá tí mo lá lọ́sàn-án àná fún yín. Inú mọ́tò ni mo ti lá a, lójú ọ̀nà Ìwó sí Ẹjìgbò. Táyé ló ń wa ọkọ̀.

Ẹ kúkú mọ̀ pé ìbejì ni èmi àti Táyé. Òun ló kọ́kọ́ jáde, ṣùgbọ́n èmi Kẹ́hìndé ni mo rán an wá tọ́ ayé wò, èmi sì ni ẹ̀gbọ́n. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé láti kékeré, bí a bá ti jókòó ti géèmù, èmi ni mo ń di pádì kìíní mú. Bí Táyé bá sunkún, bàbá wa á ní, "Ẹ̀gbọ́n ni, kì í parọ́, kì í rẹ́ ọ jẹ. Fi í lẹ̀ fún un." A ti lé ní ogójì ọdún báyìí, a sì tún ń wá káséètì géèmù eré ìje mọ́tò tí a ní nígbà yẹn kiri ìsọ̀ àwọn tó ń ta àlòkù tòkúnbọ̀. A tú gbogbo ìsọ̀ tó wà ní Ìwó. Aago ògiri, áyọ́ọ̀nù àti bàtà ẹsẹ̀ kan la rí. "A ó rí i ní Ẹjìgbò," ni Táyé wí, ló bá ń súfèé. Oorun gbé mi lọ.

Mo rí i pé ọ̀nà ti di wáyà pádì, ó dúdú, ó lọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Mọ́tò wa ń sáré lórí rẹ̀, kò sì yà mí lẹ́nu. Níbi tí wáyà náà pin sí, ọ́fíìsì kan wà lófuurufú, wọ́n so ó mọ́ igi kajú kí ó má baà fò lọ. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ fẹ́ atẹ́gùn sí mi lójú," ni tẹlifíṣọ̀n wí. "N kò ríran."

Mo fẹ́ ẹ fúù, bí a ṣe máa ń fẹ́ ìdí káséètì tó bá kọ̀ tí kò ṣiṣẹ́. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. "Ẹ kú ìrìn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ wọlé."

Ọ̀gá kan tó wọ kóòtù jókòó nídìí tábìlì. Lórí pẹpẹ lẹ́yìn rẹ̀ ni káséètì wa gan-an wà, omi ń kán lára rẹ̀, ó ń sín. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́ gbá a mú.

"Ẹ ṣe sùúrù," ni ọ̀gá wí, ó fa bébà kan yọ. "Kí ló ṣe é nígbà yẹn?"

"Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́, sà." Ohun tí mo sọ fún Táyé nìyẹn láti ọgbọ̀n ọdún, ó ti mọ́ mi lẹ́nu.

Bó ṣe ń kọ ọ́ sílẹ̀ ni irùngbọ̀n rẹ̀ ń gùn. "Ewúrẹ́ ta ni?"

"Ti Ìyá Adùnọlá, ará ẹ̀yìnkùlé wa, sà."

Ìwo méjì yọ lórí ọ̀gá. Ó fi bírò sílẹ̀, torí pátákò kì í di bírò mú. "Èmi nìyẹn," ló wí. "Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n so mí mọ́lẹ̀. Táyé ń sọ mí lókùúta títí ó fi wọ ilé ìwé gírámà. Bẹ́ẹ̀ n kò fẹnu kan nǹkan kan."

"Ẹ kú ìrọ́jú, sà," ni mo wí. Kí ni èèyàn tún fẹ́ sọ?

Káséètì sín, ọṣẹ ń hó lẹ́nu rẹ̀. "Kẹ́hìndé," ó ní, "ṣé ẹ̀gbọ́n náà nìyí?"

Ojú tì mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún ewúrẹ́. "Ẹ má bínú, sà. Èmi ni mo fọ káséètì náà. Kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́, mo rò pé ìdọ̀tí ni. Ọjọ́ Sátidé ni, à ń fọ aṣọ ilé ìwé lọ́wọ́, mo bá kó o mọ́ ọn. Mo fi kànìnkànìn bó o, mo sá a sórí páànù. Nígbà tó kú pátápátá, mo jù ú sí ṣáláńgá, mo ní ewúrẹ́ ni."

Ara mi fúyẹ́. Ewúrẹ́ ronú díẹ̀, ó fi pátákò tẹ bébà náà bí òǹtẹ̀, ó ní kí n máa gbé káséètì mi lọ. Ibi tí mo ti ń nawọ́ sí i ni mo ti jí.

Mọ́tò ti dúró níwájú ìsọ̀ kan ní Ẹjìgbò. Táyé jókòó nídìí ọkọ̀, ó ń jẹ búrẹ́dì, káséètì eré ìje wà lórí itan rẹ̀ nínú láílọ́ọ̀nù. Ó ti wọlé rà á kí n tó jí. Ó wò mí títí, ó ní mo ń sọ̀rọ̀ lójú oorun.

"Ọṣẹ wo lo fi fọ̀ ọ́?" ló bi mí.

Mo ní, "Ọṣẹ dúdú."

Ó mi orí. Ewúrẹ́ kan dúró lẹ́bàá táyà wa, ó ń jẹ páálí. Táyé yọ ọwọ́ lójú fèrèsé, ó fún un ní ìdajì búrẹ́dì rẹ̀. "Ẹ má bínú, sà," ló wí fún un, kò sì rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn náà ló fa pádì méjì yọ nínú láílọ́ọ̀nù, ó fi pádì kìíní sí àyà ara rẹ̀, ó na ìkejì sí mi. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.