Ògiri Tí Mo Fẹ́ Gé Dànù

Èmi kì í ṣe onísùúrù, kò sì sí ohun tó ń tán mi ní sùúrù tó fídíò tó bá kọ̀ tí kò ṣí. Lọ́dún 2007, nígbà tí mo ní ṣọ́ọ̀bù ní Ibafo, iṣẹ́ mi ni kí n máa fi kọ̀ǹpútà ṣe lẹ́tà aláràbarà àti òdòdó tó ń fò sí ìbẹ̀rẹ̀ fídíò ìgbéyàwó. Láti Mowe títí dé Ifo, kò sí ìyàwó tuntun tí kò mọ Ọláwùnmí onífídíò. Bí mo bá ń fọ́nnu, ẹ fi jìn mí.

Lọ́jọ́ Ajé kan, Ọmọlabí ará Ifo mú fláàṣì kan wá. Yìgì rẹ̀ ku ọjọ́ márùn-ún. Mùsáfírù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní Malaysia, ló fi fóònù ya ara rẹ̀ kó lè bá wọn yọ̀, tó sì fi í-meèlì ránṣẹ́. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni Mùsáfírù rìnrìn àjò yẹn láìdágbére fún ìyá wọn. Láti ìgbà náà, ìyá ò gba ìpè rẹ̀.

“Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣe é dáadáa,” ni Ọmọlabí wí. “Màámi ní àwọn fẹ́ kọ́kọ́ wò ó o. Tí wọ́n bá kọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ àwọn àti bọ̀ọ̀dá mi ti parí nìyẹn.”

Mo fi fáìlì náà han kọ̀ǹpútà mi, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. 3GP ló wà ní ìparí orúkọ rẹ̀, AVI sì ni tèmi ń gbà. Mo pa 3GP rẹ́, mo kọ AVI síbẹ̀. Ṣebí orúkọ ní í ro ọmọ. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe Yorùbá, ó tún kọ̀. Mo bú u dáadáa. Lọ́jọ́ kejì, mo wọkọ̀ lọ sí Ibogun, akẹ́kọ̀ọ́ kan sì fún mi ní síídì ohun tó ń yí fídíò láti irú kan sí òmíràn.

Ó yí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwòrán nìkan ló dé, ohùn ò bá a wá. Èyí tó bí mi nínú jù ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àyà ọkùnrin kan kọjá fìrì, lẹ́yìn náà ògiri lásán fún ìṣẹ́jú àáyá mọ́kànlá, kí Mùsáfírù tó wá yọ, tí ẹnu rẹ̀ ń mì. Mo ní fídíò ti bàjẹ́ níbi tí mo ti ń yí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tún un yí, ògiri ò kúrò. Mo pinnu pé màá gé e dànù, màá fi òdòdó rọ́pò rẹ̀.

N kò tíì gé e tí Ọmọlabí àti ìyá rẹ̀, Àlàájà Bùrẹ́ímọ̀, fi wọlé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Àlàájà jókòó, wọ́n ká apá lérí àyà.

“Ẹ má bínú mà,” ni mo wí. “Kò ní ohùn, ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ náà sì bàjẹ́. Mo máa gé ògiri yẹn kúrò.”

Mo tàn án. Àyà kọjá, ògiri dé. Àlàájà sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà.

“Kò bàjẹ́,” ni wọ́n wí jẹ́jẹ́. “Ó dọ̀bálẹ̀ ni. Ó ń dúró kí n dáhùn.”

Ojú tì mí. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúnlẹ̀ tán, ojú kọ̀ǹpútà ni mo fi ń wo ọmọ ènìyàn.

“Ó tó, Mùsáfírù. Dìde,” ni Àlàájà sọ fún ògiri. Ògiri ò mì. “Mo ní ó tó.”

Mùsáfírù dìde, ó ń gbọn ọwọ́. Àlàájà bú sẹ́rìn-ín, Ọmọlabí rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Ẹ̀ẹ̀mẹfà la tún un wò, ẹ̀ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n sì ní kó dìde.

“Kí ló ń sọ gan-an?” ni wọ́n bi mí.

“Ẹ fún mi di ọ̀la mà, màá wá ohùn ẹ̀ rí.”

“Ọ̀la jìnnà. Ọmọlabí, bá mi pè é.”

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ọmọlabí ṣi nọ́ńbà tẹ̀. Nígbà tó yá, ẹnì kan gbé e lọ́hùn-ún. Àlàájà gba fóònù, wọ́n gbé e sétí. Mo múra sílẹ̀ láti gbọ́ èébú ọdún mẹ́ta.

“Mùsáfírù,” ni wọ́n wí, “ṣé o ti jẹun?”