Ohun Tí Làmídì Yọ Lára Ọkọ̀ Tíṣà

Sẹ́ńsọ̀ mẹ́ta tó ń wọn ìgbóná ẹ́ńjìnnì ni Làmídì mẹkáníìkì ti pààrọ̀ sínú ọkọ̀ Tíṣà Gbọ́njúbọ́lá láàárín oṣù méjì. Síbẹ̀ iná ìkìlọ̀ kò yé tàn. Ọkọ̀ ń tú èéfín dúdú, ó sì ń mu epo ní àmujù. Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, ó kú mọ́ Tíṣà lọ́wọ́ ní ọ̀nà Erúnmu, níbi tó ti ń gbé ọkọ rẹ̀ lọ sílé ìwòsàn. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá kan ara ọkùnrin náà. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń lọ gba ìtọ́jú, kò sì lè gun ọ̀kadà.

Làmídì ti wá sọ fún wọn pé ọpọlọ ọkọ̀ ló bàjẹ́, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì. Bí ọkọ Tíṣà ṣe gbọ́, ó ní kí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ wá gbé e.

“Ẹ jẹ́ kí Kifayah kọ́kọ́ wò ó,” ni Tíṣà bẹ̀bẹ̀.

Abẹ́ Làmídì ni Kifayah ti kọ́ṣẹ́, kó tó lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ẹ̀rọ yẹ ọkọ̀ wò. Ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Adégbayì. Ibẹ̀ ni wọ́n wọ́ ọkọ̀ náà lọ lánàá, ibẹ̀ náà sì ni Làmídì àti Tíṣà padà lọ láàárọ̀ yìí.

“Ọ̀gá, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé etí yẹn náà lẹ ṣì fi ń yẹ ọkọ̀ wò?”

“Etí tèmi kì í lo bátìrì.”

Kifayah rẹ́rìn-ín. Ó so ẹ̀rọ rẹ̀ mọ́ abẹ́ sítíárì. Ẹ́ńjìnnì ṣì tutù. Ẹ̀rọ ní ìgbóná omi inú rẹ̀ jẹ́ dígírì mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Kifayah fi òṣùwọ̀n mìíràn kan irin ẹ́ńjìnnì. Iye kan náà ló kà.

“Kò sóhun tó ṣe sẹ́ńsọ̀. Òótọ́ ló ń sọ, ọpọlọ ọkọ̀ sì ń gbọ́ ọ.”

Ó pẹ́ kí ọkọ̀ tó jí. Òun àti Làmídì gbé e jáde fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Nígbà tí wọ́n padà dé, ẹ̀rọ kò kà ju márùndínlọ́gọ́ta lọ.

“Ó yẹ kó ti tó àádọ́rùn-ún,” ni Kifayah wí. “Nǹkan kan ò jẹ́ kó gbóná. Ọpọlọ ọkọ̀ rò pé ẹ́ńjìnnì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí ni, ló ṣe ń da epo sí i.”

Làmídì fọwọ́ kan họ́ọ̀sì tó ń gbé omi wọ ẹ́ńjìnnì. Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó mú ọwọ́ kúrò.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni omi ọkọ̀ yìí hó, tí Làmídì sì yọ támósítáàtì rẹ̀ dànù, ilẹ̀kùn kékeré tó ń dá omi dúró títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná. Ilẹ̀ olóoru la wà, ó ní, kí lọkọ̀ fẹ́ fi ṣe? Ogójì ọdún ló ti ń yọ ọ́. Àwọn ọkọ̀ àtijọ́ kò ní ọpọlọ tó máa fẹjọ́ sùn.

Kifayah rẹ ohùn sílẹ̀. “Ọ̀gá, mo mọ̀ pé ẹ kì í fi támósítáàtì sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Ẹ jẹ́ n sọ fún Àǹtí Tíṣà pé sẹ́ńsọ̀ náà ló bàjẹ́. Màá fi tuntun sí i. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀.”

Tíṣà wà lábẹ́ igi, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Làmídì lọ bá a.

“Tíṣà, ọpọlọ ọkọ̀ yín ò bàjẹ́. Èmi ni mo yọ ohun tí kò yẹ kí n yọ.”

Tíṣà gbé bírò sílẹ̀. “Sẹ́ńsọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ńkọ́?”

“Wọn ò ṣẹ̀.”

“Ẹ sì ń wo ọkọ mi, Bàbá Ayọ̀mikún, níran tó fẹ́ ta ọkọ̀ rẹ̀?”

Làmídì lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní òdìkejì títì, ó sì mú támósítáàtì bọ̀. Kifayah fẹ́ gba sípánà lọ́wọ́ rẹ̀, kò fún un. Ó fi támósítáàtì náà sí i fúnra rẹ̀, ó fọ àwọn púlọ́ọ̀gì tó ń ṣáná sí epo, tí èéfín ti sọ di dúdú. Kifayah pa iná ìkìlọ̀. Wọ́n tan ọkọ̀, wọ́n sì ń wo ojú ẹ̀rọ. Ìgbóná gòkè dé àádọ́rùn-ún, ó dúró.

Tíṣà jókòó sídìí sítíárì, ṣùgbọ́n kò lọ.

“Ẹ wọ ọkọ̀, Bàbá,” ló sọ fún Làmídì.

“Ká lọ síbo?”

“Ilé mi. Ẹ̀yin lẹ sọ fún ọkọ mi pé ọpọlọ ọkọ̀ ti lọ. Bí èmi bá dá sọ ọ́, á ní mò ń tan òun torí n ò fẹ́ kó tà á. Ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀ ní aago méjì.”

Làmídì nu ọwọ́ rẹ̀. Ó wọ ọkọ̀, ó ti ilẹ̀kùn.