Ojú Dúdú Inú Akọ Òkúta

Ọjọ́ tí Tíṣà kú, ìyàwó rẹ̀ kò sunkún. Ẹbí ọkọ wò ó títí, ojú rẹ̀ gbẹ táútáú. Àwọn kan ní ọkàn rẹ̀ le bí òkúta tó ń gé. Wọn ò kúkú mọ̀: kò le, ó kú tipiri ni.

Òkúta orí ibojì ló ń gé jẹun. Tíṣà ní tirẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé nípa òkúta. Bí iléèwé bá ti parí, á wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó rẹ̀, á máa fi ohùn bá ẹ̀rọ tó ń gé òkúta jà.

"Ìyàwó mi, nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ooru a máa yọ́ òkúta. Èyí tó yọ́ fúyẹ́ ju èyí tó yí i ká lọ, ló bá ń gòkè, ó ń wá ojú sísán gbà díẹ̀díẹ̀. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ kì í dé òkè. Abẹ́ ilẹ̀ ló ti ń tutù jẹ́jẹ́, tó ń di akọ òkúta tí o ń gé yìí."

"Ta ló wá gbé e síta fún wa?"

"Òjò àti afẹ́fẹ́ ló họ ilẹ̀ orí rẹ̀ kúrò. Ẹ̀yin kàn ń jẹ ìfà ni."

Akọ òkúta míì máa ń ní ojú dúdú kan láàárín. Oníbàárà kì í fẹ́ ẹ, wọ́n ní àbàwọ́n ni. Nítorí náà, bí obìnrin yìí bá ti rí i, á fi ṣọ́ọ̀kì yí i ká, á gé e dànù. Tíṣà nìkan ló fẹ́ràn rẹ̀.

"Òkúta àtijọ́ nìyẹn. Ó já bọ́ sínú èyí tó ń gòkè bọ̀, ó sì kọ̀, kò yọ́." Ó nawọ́ sí pálí òkúta pẹlẹbẹ kan tó fara ti ògiri, tí ojú dúdú rẹ̀ tó búrẹ́dì kékeré. "Tí mo bá kú, èyí ni kí o gbé sórí mi. Má fọwọ́ kan dúdú yẹn o."

"Ẹ tutọ́ ẹnu yín dànù, ẹ jọ̀ọ́."

Ọ̀rọ̀ wá ṣẹ. Àbúrò Tíṣà wá wo pálí náà, ó yínmú.

"Ìyàwó wa, ṣé àbàwọ́n yìí la máa gbé sórí ẹ̀gbọ́n mi?"

"Òun ló ní ká ṣe bẹ́ẹ̀."

Nígbà tí àbúrò ọkọ jáde, obìnrin náà gbé pálí náà sórí ẹ̀rọ kó lè tún etí rẹ̀ ṣe. Omi ń ṣàn, abẹ ń yí, òun náà dúró síbẹ̀ bí ẹni tí kò sí níbẹ̀. Ìgbà tí ariwo dáwọ́ dúró ló tó rí ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ara rẹ̀. Pálí ti lu láàárín. Dúdú náà ti wà nínú garawa àfọ́kù, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ máa ń jù ú sí láti ọjọ́ tó ti ń ṣiṣẹ́ yìí.

"Yéè," ló ní, bí ẹni tó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sílé. Omi ti tẹ̀yìn wọ igbín lẹ́nu. Ohun kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó ti bà á jẹ́, kò sì dùn ún.

Ó mú dúdú náà jáde, ó fọ̀ ọ́, ó gbé òòlù, ó bẹ̀rẹ̀ sí gbẹ́ orúkọ sí i lára. Ìró òòlù ló pe àbúrò ọkọ padà wọlé.

"Ìyàwó wa, kí lèyí? Ṣé gbogbo òkúta ẹ̀gbọ́n mi nìyí?"

"Mo ti gé ìyókù dànù, ẹ má bínú. Èyí ló fẹ́ràn."

Lẹ́tà àkọ́kọ́ jáde dáadáa. Ó bẹ̀rẹ̀ èkejì. Omi kan kán sórí òkúta, ó gbójú sókè wo páànù bóyá ó ń jò. Oòrùn ń ràn níta. Ìgbà náà ni ikú Tíṣà ṣẹ̀ṣẹ̀ dùn ún.