Kọ̀ǹpútà Tó Ṣẹ́jú sí Ìyá Ìsíátù

Ìgbájú kejì balẹ̀ kí àkọ́kọ́ tó tán lójú Fọlárìn. Eyín rẹ̀ kan fò, ó bá ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó tún padà wá bà á níwájú orí.

"Níbo ni bánà tó ní àwòrán ìyá mi wà?" Ògúnjìmí alápatà fi ọwọ́ tó tóbi bí itan màlúù há a lọ́rùn mọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. "Aago méjìlá là ń gbé òkú jáde. Mẹ́wàá ti lù!"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ n mí! Mo ti ṣe é tán. Inú kọ̀ǹpútà ilé mi l'Òkè-Afá ló wà. Mo lè fi láptọ́ọ̀pù yìí wọ inú ẹ̀ láti Bọ́ládé níbí."

"Wọ̀ ọ́, kí n tó gé ọ ní kílò-kílò!"

Fọlárìn wọ̀ ọ́. Àmọ́ sìkírìnì ilé fẹ̀ bíi pápá bọ́ọ̀lù, láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ò sì ju àwo ọbẹ̀ lọ. Gbogbo lẹ́tà wá rí bí ẹyin iná orí. Ó fẹ́ tẹ "fi ránṣẹ́", díẹ̀ ló kù kó tẹ "pa á rẹ́".

Ògúnjìmí gbá a nípàkọ́. "Ìyá mi lo fẹ́ pa lẹ́ẹ̀kejì!"

Fọlárìn wá lọ síbi tí wọ́n ti ń dín ìwọ̀n sìkírìnì ilé kù, kí lẹ́tà lè tóbi. Sìkírìnì ṣú, ó tún mọ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà fún un ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré kó fi dáhùn pé bó ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn. Nẹ́tíwọ̀kì ń wọ́, kí ìbéèrè tó dé Bọ́ládé, àkókò ti lọ, gbogbo ẹ̀ ti padà sí bó ṣe wà. Ó tún ṣe é, ó tún padà. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ìgbátí mẹ́fà.

Fóònù dún. Ìyá Ìsíátù ni, ìyá ìyàwó rẹ̀, tó wá kí wọn láti Ìwó, tó wà nílé l'Òkè-Afá.

"Fọlárìn! Nǹkan wà nínú tẹlifíṣọ̀n rẹ. Ó ń ṣẹ́jú sí mi!"

"Màámi, kọ̀ǹpútà ni, èmi ni mo..."

"Ó tún ṣẹ́ ẹ! Sí èmi arúgbó? Aláìnítìjú!"

Gbàgà! Ọmọ odó ló fi lu sìkírìnì. Gbàgà! Ariwo gíláàsì náà dé Ìbàdàn. Ògúnjìmí gbọ́ ọ, ó rò pé bánà ti bá a lọ, ó gbé àga sókè, ó fẹ́ fi la Fọlárìn sí méjì.

"Ẹ dúró!" Fọlárìn nàka sí láptọ́ọ̀pù. Lẹ́tà ti tóbi bí àtàǹpàkò! Màámi ti já wáyà sìkírìnì, ni kọ̀ǹpútà tó wà nínú àpótí lábẹ́ tábìlì, tí kò rí sìkírìnì mọ́, bá dín ìwọ̀n kù fúnra ẹ̀. Fọlárìn tẹ "fi ránṣẹ́". Bánà bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀, díẹ̀díẹ̀.

"Èyí tó wà lórí tábìlì ti kú," Màámi ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. "Ó ku ọmọ ẹ̀ tó wà nísàlẹ̀. Ó ń kùn. Mo ń bọ̀ lórí ẹ̀."

Ògúnjìmí ju àga nù, ó já fóònù gbà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Màmá, mo bẹ̀ yín! Ìyá mi ló wà nínú ẹ̀!"

"Ìyá rẹ?"

"Òní là ń sin wọ́n, mà. Ẹ má lù wọ́n."

Wọ́n gbọ́ tí Màámi gbé ọmọ odó kalẹ̀. Nígbà tó yá, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú obìnrin arúgbó kan jáde: gèlè, iwájú orí, ẹ̀rín. Ògúnjìmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó sunkún bí ọmọ màlúù.

Fọlárìn fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹ̀jẹ̀ ẹnu rẹ̀, ó gba fóònù.

"Ọmọkùnrin yẹn," Màámi ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ báyìí, "ṣé ìyá ẹ̀ ti jáde?"

Fọlárìn la ẹnu láti ṣàlàyé. Ó wo ọkùnrin tó wà nílẹ̀, ó pa ẹnu dé, ó tún là á.

"Wọ́n ti jáde, Màámi. Ẹ ṣeun."